Mo Rò Pé Ojú Ni Mò Ń Ṣe É Fún

Alẹ́ kẹrin lẹ́yìn tí mo kọ́kọ́ tan iná Kérésì mi tó ń jó sí orin, Màmá mi wá wò ó. Mo gbé àga síta fún wọn, mo tẹ fóònù mi, orin bẹ̀rẹ̀, gbogbo iwájú ilé dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ yẹ̀rì, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, funfun, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Wọ́n wò ó tán, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti sẹ́kọ́ńdì ogún, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ń retí kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá ní, "Ó mà dáa o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ló ń lé e?"

Mo ní, "Ta ló ń lé ta, Màmá?"

"Iná yẹn ni mò ń sọ. Ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Orin yẹn dẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ tiẹ̀ ni."

Mi ò ní purọ́, ó dùn mí. Oṣù mẹ́ta ni mo ti fi ṣe kinní yẹn. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, gbogbo Sátidé, débi tí ìyàwó mi sọ ọ́ di àwàdà, tó bá ń wá mi á ní kí ọmọ lọ wò mí "lọ́dọ̀ ìyàwó kejì", ìyẹn yàrá tí à ń kẹ́rù sí, tí mo tú wáyà sí káàkiri. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kọ́ ni mo fẹ́ kọ síbí, fídíò ìyẹn kún YouTube bámú. Ohun tí gbólóhùn Màmá yẹn ṣe fún mi ni, torí odindi ọdún kan ni mo fi ń rò ó kó tó yé mi pé mo ti fi oṣù mẹ́ta to iná sí orin tí mi ò gbọ́ rí. Mo ti gbé e sétí o, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ.

Fídíò ló kó bá mi, bó ṣe kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Carson Williams ṣe iná kan sílé ẹ̀ ní Mason, ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2004. Gílóòbù bíi 16,000, ó pín wọn sí ọ̀nà 88 tí kọ̀ǹpútà lè tàn kó sì pa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó tò wọ́n sí orin, nígbà tó fi máa di 2005 fídíò ẹ̀ ti ń kiri láti ìméèlì kan dé òmíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn lèmi tó rí i, mo wò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ́ẹ̀kan náà, mo wá ń wo etí òrùlé tèmi bí ẹni tó ń wo gbèsè.

Ìfẹ́ kí iná má dúró sójú kan yìí ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1882, ní New York, Edward Johnson tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ fi gílóòbù oníná mànàmáná 80 sára igi Kérésì ilé ẹ̀, pupa, funfun àti búlúù. Igi yẹn ń yí po bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan, bó ṣe ń yí ni àwọ̀ ń pààrọ̀ ara wọn, tí iná ń kú tó tún ń tàn. Ẹ wò ó, igi Kérésì tí a mọ̀ pé ó kọ́kọ́ lo iná mànàmáná, wọn ò jẹ́ kó sinmi! Mo máa ń rántí ẹ̀ tí ẹnì kan bá ní mo ti ń ṣàṣejù.

Nígbà tí Williams ṣe tiẹ̀, ìlà iná kan lódindi ló máa ń tàn tàbí kú pọ̀. Tiwa ìsinsìnyí, pixel ni wọ́n ń pè é, gílóòbù kéékèèké tí ṣíìpù kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, WS2811 lorúkọ ẹ̀, kálukú wọn dẹ̀ ń dá tiẹ̀ ṣe. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ẹ fojú inú wo àwọn ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà, olùkọ́ gbé ìdì ìwé kan lé ẹni iwájú lọ́wọ́, ẹni iwájú mú èyí tó wà lókè pátá, ó nawọ́ ìyókù sẹ́yìn, ẹnì kejì náà mú tiẹ̀, ó nawọ́ ìyókù sẹ́yìn, títí dé ìdí ìlà. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni nọ́ńbà mẹ́ta, ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù, láti 0 dé 255. Tí ẹ bá gé sẹ́kọ́ńdì kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, 30 péré nínú ẹ̀ ni pixel kan fi ń gba tiẹ̀. Èmi ní 600, 200 létí òrùlé, 200 lára páìpù ike mẹ́rin tí mo tẹ̀ bí òṣùmàrè sórí koríko, 200 lára igi kan tí mo fi wáyà ṣe. Mẹ́ta-mẹ́ta fún 600 jẹ́ 1,800, ìgbà 40 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan ni mò ń fi wọ́n ránṣẹ́, ìyẹn 72,000 nọ́ńbà ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan, láti orí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

Gbogbo ìṣirò yẹn ni mo mọ̀ dáadáa, odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo dẹ̀ fi wá ohun tó fà á tí ti òrùlé ò fi tàn rárá. Mo yí sọ́fítíwíà padà, mo pààrọ̀ wáyà, mo gun àkàbà mo sọ̀kalẹ̀ bí ọ̀bọ. Ìdí ìlà ni mo ti so mọ́ ibi tó yẹ kí orí wà. Ọfà kékeré kan wà lára ẹ̀ tó ń tọ́ka ibi tí iṣẹ́ ń gbà lọ, gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn ọfà ń wò mí, èmi ni mi ò wò ó.

Ti iná gan-an, ìyẹn páwà, tún fìyà jẹ mí. Mo gbé àwọ̀ funfun sórí 200 ti òrùlé, apá ibi tí mo ti fún un níná funfun dáadáa, tó bá dé àárín á di bí àwọ̀ ìyẹ̀fun tó ti pẹ́, tó bá dé ìparí á wá di pupa rúsúrúsú. Mo rò pé wọ́n ta ayédèrú fún mi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Volt 5 ni pixel mi ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fa tó 60 milliamp tó bá funfun tán pátápátá, 200 á fẹ́ fa ampere 12 gba inú wáyà tíńrín, agbára ẹ̀ ń dín kù bó ṣe ń lọ. Iná pupa inú ẹ̀ ò ju bíi volt 2 lọ kó tó tàn, àwọ̀ ewé àti búlúù ń fẹ́ tó 3, torí náà tí ebi bá ti dé, àwọn méjì yẹn ló ń kọ́kọ́ dákú, pupa á ṣẹ́kù òun nìkan. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fa wáyà iná mìíràn wọ̀ ọ́ ní gbogbo pixel 50, mo fi fíúùsì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé wáyà òdo (ground) gbogbo ẹ̀ pàdé ara wọn, torí tí wọn ò bá pàdé, iná á máa ṣe bí ẹni tí iwin ń gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí iná ilé gangan bá ti kan ìta tí òjò ń rọ̀, ẹ fi súwíìsì tó ń já fúnra ẹ̀ tí iná bá ń jò síbẹ̀, ẹ má fi ìyẹn ṣeré.

Ti àkàbà, ti okùn ike tí mo fi so nǹkan, ti ìka tí mo gé, ẹ jẹ́ ká fò ó. Orin ni ọ̀rọ̀ wà.

xLights ni sọ́fítíwíà tí mo lò, ọ̀fẹ́ ni. Orin á hàn lójú kọ̀ǹpútà bí òkè àti àfonífojì, abẹ́ ẹ̀ ni ẹ ó ti máa to ohun tí iná kọ̀ọ̀kan máa ṣe, díẹ̀díẹ̀, 25 mílísẹ́kọ́ńdì (1,000 ẹ̀ ló wà nínú sẹ́kọ́ńdì kan) lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú kan orin lè gbà yín ní ọ̀pọ̀ alẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo jókòó tì í, orin ń lọ, mò ń tẹ bọ́tìnnì ní gbogbo ibi tí ìlù bá ti dún kí àmì lè wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà mo fún gbogbo àmì ní ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá. Orin yẹn ń lu ìlù 80 ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹ bá ṣírò ẹ̀ dé ìparí á jẹ́ bíi 266, èmi tún ki òmíràn sáàárín méjì-méjì torí ó dà bíi pé ó ṣófo. Gbogbo dárà tí sọ́fítíwíà yẹn mọ̀ ọ́n dá ni mo lò, bí ọmọdé tí wọ́n fún ní ìgò lọ́fínńdà tó da gbogbo ẹ̀ sára. Ó wá kù díẹ̀ kí n gbàgbé, mo tún fi funfun tó ń ṣẹ́jú bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá ní sẹ́kọ́ńdì kan sí ègbè. Ìyẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn náà, kì í ṣe torí ẹwà, torí pé iná tó bá ń ṣẹ́jú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní sẹ́kọ́ńdì kan lè gbé wárápá dìde lára ẹni tó bá ní irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ máa ń fà. Ó tì mí lójú pé mi ò rò ó tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí àsìkò Kérésì ọdún kejì ń bọ̀, mi ò tíì ṣí kọ̀ǹpútà rárá. Mo ki earpiece bọ etí, mo dùbúlẹ̀ sí pálọ̀, mo pa iná, mo gbé orin kan náà sí i, mo ní kí n kàn gbọ́ ọ. Alẹ́ àkọ́kọ́ mo sùn lọ. Alẹ́ kejì mo gbọ́ pé béèsì ò sí nínú ẹsẹ àkọ́kọ́ rárá, ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó wọlé, ìgbà tó wọlé ni orin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ gbọ́, mo ti gbé orin yìí sétí tó igba ìgbà lọ́dún tó kọjá! Agogo kékeré kan tún wà níbẹ̀ tó dún lẹ́ẹ̀mẹta péré, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olórin ń mí kó tó gbé ègbè, èèmí yẹn ń dún. Kí ègbè ìkẹyìn tó wọlé, gbogbo wọn dákẹ́, ìlù dákẹ́, dùùrù dákẹ́, bíi sẹ́kọ́ńdì méjì. Mo padà lọ wo ohun tí mo ṣe síbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Níbi tí gbogbo èèyàn ti dákẹ́ yẹn, mo fi òṣùmàrè tó ń sáré síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, èmi nìkan, ní aago kan òru.

Ìgbà yẹn ni mo rí ẹni tó ń lé iná mi. Èmi ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo rò pé tí iná bá dúró díẹ̀, ẹni tó ń wò ó á yíjú kúrò.

Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo tún un ṣe. Etí òrùlé di ti ohùn olórin, ó ń lọ jẹ́jẹ́, àwọ̀ kan ń yọ́ wọnú òmíràn. Páìpù mẹ́rin di ti ìlù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlù, ìyẹn tó bá mú orí jì nìkan. Igi, mo fi sílẹ̀ lókùnkùn títí béèsì fi máa wọlé. Ìgbà tí mo dán an wò, ọmọ mi obìnrin ní, "Dádì, igi yẹn ńkọ́?" mo ní ó ń dúró de orúkọ ẹ̀, kò bi mí mọ́, ó ń wo igi nìkan títí wọ́n fi pè é. Ìmọ́lẹ̀ náà mo dín in kù sí bíi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú wa kì í ka iná bí nọ́ńbà ṣe kà á, 128 tó yẹ kó jẹ́ ìdajì, lójú á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí èyí tó tàn tán, torí náà tí ẹ bá ń fi 255 ṣe gbogbo nǹkan, kò sí ibi tí ẹ lè gbé e lọ mọ́ nígbà tí orin bá gbóhùn sókè. Àwọn tó ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n.

Ó wá ku bí orin ṣe máa dé etí èèyàn. Mo kọ́kọ́ lo sípíkà Bluetooth, orin ń pẹ́ lẹ́yìn iná, a dẹ̀ rí i kedere. Mo gbé ti wáyà, ó dáa, àfi ìgbà tí mo rìn lọ síbi tí àwọn èèyàn máa ń dúró sí, bíi mítà 30 sí ilé, tí mo tún rí i pé ó pẹ́. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bú kọ̀ǹpútà kí n tó rántí pé ohùn fúnra ẹ̀ kì í sáré, mítà 343 ló ń rìn ní sẹ́kọ́ńdì kan, kó tó dé mítà 30 á gbà á ní bíi 87 mílísẹ́kọ́ńdì, iná mi ti yí àwòrán mẹ́ta padà nígbà yẹn. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa fi rédíò FM kékeré gbé orin wọnú mọ́tò ẹni tó ń wòran nìyẹn, orin á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn, ìta á dákẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ibi kọ̀ọ̀kan lórí kí èèyàn dá rédíò tàn, àti lórí orin olórin tí ẹ ń gbé síta, yàtọ̀ síra, ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe é. Èmi kàn gbé sípíkà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo gbé e sún mọ́ ibi tí èèyàn ń dúró sí, mo dín ohùn ẹ̀ kù. Nǹkan tó ti yẹ kí n ṣe látilẹ̀.

Bàbá tó ń gbé ní òdìkejì ló jẹ́ kí n mọ èyí tó kù. Wọ́n kanlẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ kan, lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, àyà mi já. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ káalẹ́ sà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà. Iná ẹ dáa. Ṣùgbọ́n ògiri yàrá mi ti ń jó láti aago méje, mi ò dẹ̀ ní kó jó." Mo bẹ̀ wọ́n gan-an. Láti ọjọ́ yẹn, aago mẹ́sàn-án gbogbo nǹkan ti pa ara ẹ̀, mo dẹ̀ yí àwọn páìpù méjì tó kọjú sí fèrèsé wọn. Ti Williams gan-an, èrò tó ń wá wò ó pọ̀ débi pé jàǹbá mọ́tò ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wọn ní 2005, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò dẹ̀ jẹ́ kí ọlọ́pàá ráyè kọjá, bó ṣe pa á nìyẹn. Tèmi ò lè fa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láéláé, èèyàn mẹ́jọ ló tíì pọ̀ jù níwájú ẹ̀, ajá kan mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ògiri yàrá èèyàn kan ṣoṣo ti tó mi.

Ọdún kejì, ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí mo tan án, òjò rọ̀, omi wọ inú pixel 37 lára okùn kan nínú igi. Ẹ rántí àwọn ọmọ iléèwé tó ń nawọ́ ìwé sẹ́yìn. Tí ẹnì kan bá dákú lórí ìlà, kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tó máa rí nǹkan gbà. Pixel 38 títí dé 50 ò ṣàìsàn kankan, wọ́n kàn wà níbẹ̀, láìtàn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Màmá ní àwọn ń bọ̀. Mo gun àkàbà nínú òjò wẹliwẹli, mo gé 37 kúrò, mo so 36 mọ́ 38, gbogbo ìyókù wá fi ipò kan sún síwájú, mi ò ráyè tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Mo ní kó lọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. (Ọmọ mi mọ̀.)

Mo gbé àga síta, mo nu omi orí ẹ̀, Màmá jókòó. Orin bẹ̀rẹ̀. Òrùlé ń lọ jẹ́jẹ́. Wọn ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò wo iná mọ́, ojú wọn ni mò ń wò. Béèsì wọlé, igi tàn, wọ́n ní "hẹ̀n-ẹ́n", jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n dáhùn ìbéèrè ẹ̀. Ó dé ibi tí gbogbo ẹ̀ ń dákẹ́ kí ègbè ìkẹyìn tó wọlé. Mo ti pa gbogbo iná ilé níbẹ̀, gbogbo ẹ̀, kò ku ẹyọ kan, òkùnkùn biribiri. Sẹ́kọ́ńdì kan. Màmá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ah, iná ti..."

Wọn ò rí i sọ tán tí 599 fi tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fò lórí àga. Wọ́n gbá mi lápá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún un gbé, kí n gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn fẹ́ wò ó bóyá iná á tún lọ níbẹ̀ yẹn.